Koríko Inú Omi Iyọ̀, Ebi Ni Wọ́n Fi Ń Pa Á

Bàbá mi tí kì í gbé fóònù,

Ọjọ́ tí ìwé yín kọ́kọ́ yé mi, orí ìdúró ni mo wà ní pálọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́ mi, omi iyọ̀ ń kán sílẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ mi. Ó ti tó wákàtí méjì tí mo ti ń fa koríko tó bo òkúta inú àpótí gíláàsì tí ẹ ń sin ẹja sí. Koríko náà rí bí irun orí tí wọn ò yà rí, àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Tí mo bá fa ìdì kan tu, díẹ̀ nínú rẹ̀ á já, á léfòó lọ, á lọ lẹ̀ mọ́ òkúta mìíràn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, òkúta yẹn náà á hu irun. Ìwé àkọsílẹ̀ yín wà ní ṣíṣí lórí àga. Mo ti ń wò ó láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń ka ọ̀rọ̀ kan, mo ń fo mẹ́rin. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ojú mi kàn bọ́ sórí ìlà kan, mo sì kà á já láì dúró, àfi bíi pé ẹ wà lẹ́yìn mi tí ẹ ń sọ ọ́ sí mi létí:

Má fi ọwọ́ fà á. Ẹni tó ń fà á, gbígbìn ló ń gbìn ín. Ebi ni kí o fi pa á.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe tìtorí koríko. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín ní èdè yín tí mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìtumọ̀. Ó yẹ kí n ti pa ìwé náà dé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ilé fún yín ná, torí ó ti pé ọdún kan ààbọ̀ tí a ti sin yín. Mo ti padà wá. Ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tó yí wa ká ló gbà mí síṣẹ́, inú yàrá àyẹ̀wò wọn ni mò ń ṣe, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní bí wọ́n ṣe ń wo kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí. Ilé yín ní Joju, létí Ṣàngó, ni mò ń gbé, èmi àti Màámi. Ẹ ò lè dá àdúgbò yìí mọ̀ mọ́. Oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa ti di ilé alájà mẹ́ta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ibi tí ẹ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ti di ṣọ́ọ̀ṣì, gbohùngbohùn wọn sì máa ń mi gíláàsì fèrèsé wa láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Àlejò tuntun ń kó dé ní gbogbo ìgbà, ẹbí olùkọ́, ẹbí pásítọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá wọ pálọ̀ wa, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni ọjọ́ tí a máa se ẹja yẹn.

Ẹja méjì náà ṣì wà láàyè, àwọn aláwọ̀ ọsàn onílà funfun, láti ọjọ́ tí ọ̀gá òyìnbó iléeṣẹ́ ọṣẹ yín ti fi àpótí náà sílẹ̀ fún yín nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ìgbín ti kú. Púpọ̀ nínú iyùn ti kú. Iyùn tí mo mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, inú àwòrán ìgbéyàwó ni, lọ́rùn àwọn èèyàn. Iyùn tiyín ni mo kọ́kọ́ rí tó ń mí, tó ń ṣí bí òdòdó tí iná bá tàn sí i, tó ń ká ara rẹ̀ kò tí inú bá bí i. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù kò ju èékánná lọ lọ́sẹ̀ tí ẹ fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin lókè òkun. Mo rántí, torí àárọ̀ ọjọ́ tí Màámi ń di báàgì mi lẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Ẹ ní kí n bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ní báyìí iyùn náà ti fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Tí a bá yọ èmi kúrò, òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́ láti kékeré. Irun yẹn ti yí i ká, ó ti ń gùn ún. Tó bá bò ó mọ́lẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Ohun tí mò ń bá jà láti ìgbà tí mo ti dé nìyẹn, mi ò sì mọ ìdí tí mo fi ń bá a jà.

Mo mọ bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ máa kọ́kọ́ kí ẹja kí ẹ tó kí èèyàn. Ooru tó bá ti di omi lára bọ́ílà tó ń ho omi níléeṣẹ́ yín, tó mọ́ gaara, ẹ máa rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì wálé, ẹ máa fi dí omi tó bá fà lọ. Lóṣooṣù, ẹ̀yin àti Bọ̀dá Múfú ajórin máa lọ bu omi òkun ní Bàdágìrì nínú ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù rẹ̀. Tí iná bá lọ, íńfátà ilé, ti ẹja ni. Màámi á jókòó, wọ́n á máa fi ìwé àdúrà fẹ́ ara wọn, wọ́n á ní, "Ẹja ń gba atẹ́gùn, èmi ń làágùn. Ẹ bá mi bi Ẹnjiníà, èwo ni ìyàwó nínú àwa méjèèjì?" Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín.

Mo tẹ̀ lé ìwé yín. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì jù sílẹ̀, mo dín oúnjẹ ẹja kù sí ohun tí orí ìka méjì lè mú, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irun náà ń sanra ni. Mo gbé omi lọ sí yàrá àyẹ̀wò wa, mo wọ̀n ọ́n. Oúnjẹ koríko kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo rò ó pé omi kànga tí mò ń bù kún un ni, mo rò ó pé èéfín àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ṣàngó ni. Mo pe Bọ̀dá Múfú.

Ẹ mọ̀ ọ́n, kò yí padà. Òun ló jó irin tí àpótí náà dúró lé, torí náà ó ka gbogbo rẹ̀ sí tirẹ̀. Ó dé, ó gba mínírà tútù, ó dojú kọ gíláàsì.

"Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù," ó ní, "ẹja tí èèyàn ò lè jẹ, koríko tí ewúrẹ́ ò lè jẹ. Bàbá ẹ fìyà jẹ mí lórí nǹkan yìí. Mo ti gbé omi òkun títí, ó kù díẹ̀ kí n di ẹja."

Mo ní mo ti febi pa á, kò kú.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé ebi ń pa á?" Ó mu mínírà rẹ̀. "Èmi, tí wọ́n bá ní ebi ń pa nǹkan, tí mo rí i tó ń sanra, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ń gbé àwo wọlé fún un ní kọ̀rọ̀ nìyẹn."

Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná, ó tún wo ojú mi. Mo rò pé àpárá ló ń dá.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí ìsìn pàtàkì, kò síṣẹ́, mo tètè délé. Aago méjì ọ̀sán. Màámi ò gbọ́ ìró bàtà mi. Wọ́n dúró níwájú àpótí yín, ìborí àdúrà ṣì wà lórí wọn, abọ́ kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi ìka mẹ́ta bu nǹkan sínú omi.

"Ẹ jẹun, ẹ̀yin ọmọ Ẹnjiníà," wọ́n ń sọ. "Ẹ jẹun. Ẹ má wo ti ẹni tó fẹ́ febi lu yín pa. Kò mọ̀ yín ni."

Mo ní, "Màámi, kí lẹ̀ ń dà síbẹ̀?"

Wọn ò tilẹ̀ ta gìrì. "Edé lílọ̀ ni. Ṣé inú òkun kọ́ lòun náà ti wá ni?"

"Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?"

"Tí mo bá ti gbàdúrà tán. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bàbá ẹ jáde nínú ilé yìí."

Edé, Bàbá. Odindi ọdún kan ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, èyí tí ẹja ò bá jẹ tán ló ń bọ́ koríko. Kò sí ìyá nílẹ̀ yìí tó máa gbà pé oúnjẹ lè pa ọmọ. Inú bí mi. Mo ronú kan iyùn yín, mo ronú kan ọwọ́ mi tí omi iyọ̀ ti bó, mo sì la ẹnu mi. Ohun tí mo sọ nìyí:

"Bí ẹ ṣe ń gún iyán fún Bàbá náà nìyẹn, tí dókítà ní kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́, títí àtọ̀gbẹ fi mú ẹsẹ̀ wọn kan lọ, tó tún wá mú wọn tẹ̀ lé ẹsẹ̀."

Láti ìgbà tí mo ti padà dé tí mo ti ń kọ́ èdè yìí lákọ̀ọ́tún, gbogbo ohun tí mò ń wá ni pé kí n sọ gbólóhùn gígùn kan tí kò ní àṣìṣe, tí ohùn rẹ̀ máa gún, tí ẹnikẹ́ni ò ní fi mí rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo rí sọ nìyẹn. Kò ní àbùkù kankan.

Màámi wò mí. Wọ́n gbé abọ́ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń gbé ẹyin kalẹ̀.

"O ti wá gbọ́ Yorùbá," wọ́n ní.

Wọ́n wọ yàrá wọn lọ. Láti ìgbà yẹn, wọn ò dáná mọ́ fún èmi tàbí fún ara wọn. Tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á ra ẹ̀kọ àti àkàrà, wọ́n á jẹ ẹ́ ní yàrá. Wọ́n ń kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wá ka mítà iná.

Mo kó oúnjẹ ẹja àti agolo edé, mo tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Mo wá padà sínú ìwé yín láti wá ìyókù ìtọ́jú, torí ẹ kọ ọ́ pé tí ebi nìkan ò bá ṣe é, kí a fi òkùnkùn kún un. Mò ń wá iye ọjọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ara mi.

Mo mọ ojú ewé yẹn lórí báyìí. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti fọ páìpù, ẹ ti pààrọ̀ omi kẹ́ẹ̀gì méjì. Lẹ́yìn náà, lórí ìlà kan náà, láì fi àyè sílẹ̀: Ọmọ pè lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, ó ń sunkún, ó fẹ́ wálé. N kò gbé fóònù mọ́. Bí mo bá gbé e, yóò tún pè lọ́la. Ebi ni. Lẹ́yìn náà: Irun ti ń kú lápá òsì.

Mo wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Orí àtẹ̀gùn nílé ẹ̀gbọ́n yín ni mo máa ń jókòó sí. Fóònù á máa dún lọ́dọ̀ yín, mo máa ń fọkàn yà á: ó ń dún ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ẹja ń gbọ́ ọ. Mo máa ń bẹ ẹja. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún yín. Mo rò pé iná ni kò sí. Mo gbèjà yín lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ń dún, àbí? Ṣé ẹ dín ohùn rẹ̀ kù ni, àbí ẹ jẹ́ kó dún tán? Kí lẹ̀ ń fọwọ́ ṣe lásìkò yẹn?

Ojú ewé mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀: Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ kò pè mọ́. Ọpẹ́ ni. Iyùn kékeré ti yọ ẹ̀ka tuntun.

Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà kan wà tí ẹ kọ ní kékeré, bíi pé ẹ kò fẹ́ kó gba ìwé: Ìyá rẹ̀ ń bọ́ ọ ní kọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi kú tán.

Òótọ́ lẹ kọ. Gbogbo Tọ́sìdé, nígbà tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́ ọ̀sán, Màámi á pè mí láti ilé ìdáná. Ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò béèrè bóyá mò ń sunkún. Ohun tí wọ́n ń sè ni wọ́n máa ń sọ. "Mò ń gé ilá. Mo ti da iyọ̀ sí i. Mo fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbọ́ bó ṣe ń hó." Wọ́n á gbé fóònù súnmọ́ ìkòkò. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, gbogbo Yorùbá tó kù lẹ́nu mi, ti ìdáná ni. Mo mọ gbo ti ewé, mo mọ rò ti àmàlà, mo mọ ta ti epo, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé inú mi bàjẹ́. Bọ̀dá Múfú ní èdè mi ń ta sánsán bí ọbẹ̀. Àwọn èérún yẹn ni mo kó jọ, tí mo kọ́ ìyókù lé lórí, tí mo fi ń kọ èyí sí yín. Mo sì fi í gún ẹni tó fún mi.

Ẹ ò tọ́jú nǹkan kan láṣetì láyé yín, Bàbá. Ebi yín ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú yín, mo dúró lẹ́bàá ihò, mo ń wo àwọn èèyàn tó ń sunkún, mo ń wá ẹkún tèmi káàkiri inú mi bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́. Kò sí. Ẹ ti pa á láti ọdún wo. Àwọn èèyàn yìn mí pé ọkàn mi le, wọ́n ní ọmọ ọkùnrin-ogun ni Ẹnjiníà bí. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni wọ́n ń yìn.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ Wẹ́sídé ọ̀sẹ̀ yìí, mo ṣe ohun tí ẹ kọ. Mo pa iná àpótí, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn jù nílé bò ó yípo, mo fi okùn dì í. Ìwé yín ní ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó ní iyùn lè fara da ọjọ́ mẹ́ta, tó bá pé márùn-ún kò dájú. Ó ní oúnjẹ kankan ò gbọ́dọ̀ wọ inú omi nígbà náà, torí koríko tó bá rí oúnjẹ nínú òkùnkùn, tí wọ́n bá tan iná, ìlọ́po ló ń padà wá. Ó ní kí èèyàn má yọjú wò ó. Ẹ fa ìlà sí ìyẹn nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń fẹ́ yọjú ni?

Òní ni ọjọ́ kẹta, Fúráìdé. Láàárọ̀ yìí mo gbé igun bùláńkẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀. Irun náà ti funfun bí irun arúgbó, ó ń tú fúnra rẹ̀, ó ń jábọ́. Ẹja méjèèjì wà nísàlẹ̀, wọ́n fi ara ti ara. Iyùn yín ti ká kò bí ìkúùkù ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ní àwọ̀. A ti fẹ́ borí. Mo fẹ́ dì í padà nígbà tí mo rí i lójú omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí páìpù gbà wọlé: edé lílọ̀, ó pọ́n, ó léfòó, tuntun ni. Màámi ti lọ ra òmíràn. Wọ́n ti ki ọwọ́ wọn gba abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì wọlé nínú òkùnkùn.

Mo fi abọ́ kékeré kó o kúrò. Mi ò rò pé mo kó o tán.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn pálọ̀ pa títí ọ̀la, tí mo gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, irun á kú pátápátá, iyùn yín á yè, mo sì mọ ohun tó máa kú pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá Màámi, torí mo ti rí i tó kú rí. Tí mo bá jẹ́ kí Màámi máa wọlé, tó bá fi máa di oṣù méjì, irun á ti bo iyùn yín mọ́lẹ̀, ohun tí mo dúró níwájú yín di tọ́ọ̀ṣì mú fún á bàjẹ́, wọ́n á sì dúró níwájú rẹ̀ lẹ́yìn àdúrà, wọ́n á máa fún òkú lóúnjẹ. Mo ti fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, gbogbo èdè tí mo kọ́ sá lọ, àfi gbo, àfi rò, àfi ta.

Mò ń gbọ́ wọn báyìí nílé ìdáná. Wọ́n ti gbé odó kékeré sílẹ̀, wọ́n ń gún edé.

Kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kó oúnjẹ sí, tí mo lè ṣí fún wọn padà, wà lọ́wọ́ òsì. Ìwé yín ò sọ kọjá ibí yìí, mo ti ṣí i dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ebí í lò, Bàbá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan péré: èwo ni kí n lò nínú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì?

Ọmọ yín,
tó tún ń pè.